Ìwé Pélébé Mọ́kànlélógójì

Wọ́n ti lọ tán. Gbọ̀ngàn Gáà-Àkànbí ṣófo,
àwọn àga rọ́bà gun ara wọn lẹ́yìn.
Jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́; epo ló tán, kì í ṣe ọ̀rọ̀.
Èmi ni wọ́n ní kí n kó èsì àwọn èèyàn jọ:
ìwé pélébé mọ́kànlélógójì nínú páálí bisikíìtì.
Mo jókòó sórí pèpéle, mo fi iná fóònù kà wọ́n.

Àkọ́kọ́: "Ẹ ṣeun. Ráìsì kò kárí."
Ìkejì: "Ráìsì kò kárí o!"
Ìkẹta ya àwo òfìfo, kò kọ nǹkan kan.

Sọlíú Kúrángà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀,
ó sáré bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀ láti odò Ọ̀yun.
Ẹnìkan kọ ọ́ pé: "Ó mọ̀ ọ́n. Kò jẹ́ kí àwa mọ̀ ọ́n."
Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé e sọ́tọ̀.
Ẹlòmíràn ní: "Ẹ bá mi bi í,
kí ló ń yípo ṣáá tí kò fẹ́ dúró?"
Bí kóòdù ṣe ń padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀
títí ohun tó ń retí yóò fi ṣẹ
ni Sọlíú ń ṣàlàyé nígbà náà.
Ìbéèrè gidi ni.
Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ní, "Ṣé ó yé yín?"
gbogbo wa la mi orí.

Gàníyátù wá láti Òmù-Àrán,
ó fi èdè ilé kọ́ wa, ó pe àṣìṣe ní kòkòrò,
ó ní kí a máa wá a bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.
Méjìlá kọ "ó dára", "ó dùn", "ẹ jẹ́ kó tún wá".
Ẹyọ kan kọ: "Ṣé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni?"
Mo mọ èyí tí yóò bá a wọ ọkọ̀ lọ sílé.
Lóru, méjìlá kò tó ẹyọ kan.

Mo ń wá orúkọ tèmi, mo ń díbọ́n pé n kò wá a.
Ó wà níbẹ̀. Bírò pupa, lẹ́tà tó tẹ̀ sí òsì,
lẹ́tà tí mo ti ń rí lára ògiri ilé wa láti kékeré:
"Awáwù, ògiri lo bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn rẹ la wà."
Àbúrò mi ni. Ó fi kún un nísàlẹ̀: "Má bínú."
Mo bínú.
Mo ti ìwé náà sábẹ́ itan, mo jókòó lé e.

Ti ìkẹyìn, akẹ́kọ̀ọ́ kan ló bá ẹni tó ni ín kọ ọ́.
"Ìyá Sọlíú ní:
N kò mọ ohun tí ọmọ mi ń wí.
Ìkòkò ni èmi ń mọ ní Òkèlélé,
ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n rèé.
Bí a bá sun ún tán, oníbàárà á fi oríkèé ìka kàn án,
á dẹtí. Èyí tó sán kì í lè fi ohùn pamọ́.
N kì í bínú sí ẹni tó ń kàn án.
Ẹni tí kò ní rà kì í kan ìkòkò."

Bátìrì fóònù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.
Mo fa ìwé àbúrò mi yọ lábẹ́ itan, ó ti rún.
Mo dìde, mo kẹ̀yìn sí ògiri,
mo kọjú sí àga tí kò sẹ́ni lórí wọn,
mo tún gbólóhùn mi àkọ́kọ́ sọ, jẹ́jẹ́.

Mẹ́gáàdì tó ń dúró tì mí láti ti ilẹ̀kùn
wúkọ́ ní ẹnu ọ̀nà:
"Gbóhùn sókè. Mi ò gbọ́ ọ níbí."